Irin Jámánì Olóyè Ògúntúndé

Ẹ bá mi kí Olóyè Ògúntúndé ti Ìkòsì, Baba Onígéètì, Irin-Ò-Mì-Ayé-Ló-Ń-Mì, ọkùnrin tó máa ń dúró síta láàárọ̀ kí wọ́n lè kí géètì rẹ̀ kí wọ́n tó kí òun. Géètì náà ga, ó ń dán, orí kìnnìún méjì sì wà lára rẹ̀. Bí aládùúgbò bá ní, "Ẹ káàárọ̀ o," Olóyè á ní, "Ẹ ò ríran? Irin Jámánì nìyí!"

Jámánì tí Olóyè mọ̀ kò kọjá ọjà Mile 12. Dúrọ́ọ̀mù òróró ló rà níbẹ̀, ó ní kí wẹ́dà là wọ́n, kó lù wọ́n pẹlẹbẹ, kó fi bọ́dífílà funfun tí wọ́n fi ń tún ara mọ́tò ṣe dí gbogbo ojú ihò, kó sì kun ún ní dúdú. Wẹ́dà náà ti kó lọ sí Ifákọ̀ báyìí. Ọkàn Olóyè balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ojú ọ̀kánjúwà kì í kúrò lára ohun tó ń wò. Ẹgbẹ́ onílé fẹ́ ṣe géètì sí ẹnu àdúgbò nítorí àwọn olè, Olóyè sì ti pinnu pé òun ni yóò gba iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ fẹnu kò lórí ẹni tó máa ṣe é, gbogbo onílé péjọ síwájú ilé rẹ̀ láti wo géètì tirẹ̀. Mùtíù wà nítòsí, ó ń fọ ìpẹtà kúrò lára ọ̀pó géètì àtijọ́ aládùúgbò kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ẹ̀rọ fọ́n yanrìn sára àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó tòmátì wá sí ọjà, kí wọ́n tó tún wọn kùn. Ẹyọ yanrìn kan ò lè fi irin ṣe nǹkan kan tí ojú yóò rí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kẹ́ àìmọye wọn bá ń sáré kọlu irin lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú ń bu tirẹ̀ jẹ, irin á fẹ́lẹ́.

Alhaja Màríyámọ̀, alága ẹgbẹ́, bojú wo géètì. "Olóyè, ṣé irin yín yìí máa pẹ́ báyìí?"

Inú bí Olóyè. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́! Bí gbogbo yanrìn Ìṣẹrì bá ṣèpàdé, kí ni wọ́n fẹ́ fi Jámánì ṣe? Mùtíù! Gbé ẹ̀rọ yẹn wá, fọ́n ọn sí géètì mi, kí wọ́n rí original!"

"Ọ̀gá, yanrìn ò mọ olóyè o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò níkọ̀rọ̀."

"Níkọ̀rọ̀ kẹ̀? Ṣé mo jalè ni? Àárín gan-an ni kó o kọjú ẹ̀ sí!"

Ẹ̀rọ bú ramúramù. Ọ̀dà dúdú kọ́kọ́ fò lọ, Olóyè sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ìyẹ̀fun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde.

"Kí wá nìyẹn?" Alhaja béèrè.

"Ìyẹ̀fun Jámánì ni," ni Olóyè wí. Ó fẹ́ ní kí Mùtíù dúró, àmọ́ ojú ń tì í.

"Ṣé kó dáwọ́ dúró ni, Olóyè?" Alhaja tún béèrè.

"Dúró bíi ti báwo? Mùtíù, sún mọ́ ọn dáadáa!"

Mùtíù sún mọ́ ọn. Bọ́dífílà tán, lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára pánù yọ síta gbàgàdà. Ẹnì kan kà á sókè: "VEGETABLE OIL." Kí ẹ̀rín tó bú, yanrìn ti jẹ pánù náà já, ihò tó tó orí ènìyàn là sábẹ́ kìnnìún. Mùtíù yára pa ẹ̀rọ.

Olóyè sáré lọ fẹ̀yìn dí ihò náà, ó fẹ agbádá rẹ̀ bò ó. "Jámánì pẹ̀lú máa ń ṣe òróró!" ló ń pariwo.

Ìgbà náà ni Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó wà nínú ọgbà, tí kò mọ ohun tó ń lọ níta, fọwọ́ tì í lẹ́yìn láti inú ihò, ó sì yọ orí jáde.

"Daddy, ṣé Mùtíù náà lẹ fẹ́ kó bá wa fọ dúrọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ rà fún géètì àdúgbò? Mo ti ń yí wọn bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé o."