Ilẹ̀ Àpáàdì Bámiṣayọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ́ Bámiṣayọ̀ ní nǹkan tuntun. Ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti di olùkọ́ nìyẹn. Báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́ l'Ábújá. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan bí àwọn ará ìgbàanì ṣe ń ṣe é, kí wọ́n lè mọ bí àwọn yẹn ṣe gbé ayé, kò sẹ́ni tó gbádùn mọ́.

"Ìwé ò lè sọ ọ́ tán," ló máa ń wí. "Èèyàn gbọ́dọ̀ fara rẹ̀ mọ̀ ọ́n ni!"

Àáké òkúta ló kọ́kọ́ ṣe. Ó fi gé ẹ̀ka máńgòrò kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Karmo látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀ka náà ṣì wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ ti so lẹ́yìn ìgbà náà. Bámiṣayọ̀ ní àṣeyọrí ni.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Kíkẹ́olúwa, ọmọ tó fẹ́ fi ṣaya. Bàbá ọmọ náà, Bàbá Akínlabí, ti fẹ̀yìn tì ní iléeṣẹ́ ìjọba, alàgbà sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá gbàdúrà sórí oúnjẹ, ọbẹ̀ á dì. Wọ́n ní kí àwọn tó fọwọ́ sí i, àwọn á wá wo ilé Bámiṣayọ̀, torí àwọn ò ní fọmọ fún elẹ́nu lásán. Bámiṣayọ̀ fẹ́ràn ọmọ yìí dénú, ẹ̀rù sì bà á gan-an.

Ṣé ẹ rò pé ó gbálẹ̀ de àna? Rárá o!

"Ilẹ̀ àpáàdì ni n ó tẹ́ síwájú ilé de Dádì," ló wí, "bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ n'Ílé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́!"

Àpáàdì ìkòkò ni wọ́n máa ń rì sínú ẹrẹ̀, tí wọ́n á nà án ró gbọọrọ, tí wọ́n á tò ó pọ̀ tímọ́tímọ́ títí ilẹ̀ á fi kún. Níbo la ti fẹ́ rí àpáàdì ní Karmo? Ọ̀gá wa kọrí sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìkòkò lójú ọ̀nà Zuba, ó ra ìkòkò tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn lójú ẹni tó tà á fún un.

"Kai!" ni oníkòkò pariwo. Ó yíjú sí Láníyì, ọ̀rẹ́ Bámiṣayọ̀ tó gbé ọkọ̀ wá, ó kí i ní sànnu, ìyẹn pẹ̀lẹ́ lédè Hausa, ó sì rọra bi í bóyá ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá. Láníyì ní òun náà ṣì ń wò ó.

Ká sòótọ́, ilẹ̀ náà rẹwà nígbà tó parí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ ti Ilé-Ifẹ̀ títí ó fi dán, ti Bámiṣayọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ni. Kíkẹ́olúwa wá wò ó, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ há síbẹ̀.

"Bámi, ilẹ̀ yìí ń géni jẹ o! Tẹ́ nǹkan lé e."

"Gbé rọ́ọ̀gì pálọ̀ jáde," ni Láníyì wí.

"Rọ́ọ̀gì kẹ̀? Lórí iṣẹ́ ìwádìí? Mo ti sọ fún Dádì lórí fóònù pé ohun òde òní kankan ò ní kan ilẹ̀ yìí!"

Ọjọ́ Sátidé tí Bàbá dá pé. Bàbá àti Màmá Kíkẹ́olúwa wọlé, wọ́n dúró láàárín àpáàdì nínú bàtà aláwọ tó nípọn. Bámiṣayọ̀ jáde pẹ̀lú bùbá funfun, ó la ẹnu láti ṣàlàyé ìtàn ìgbàanì. Ló bá rí i pé Bàbá ń wò ó, wọ́n ń retí nǹkan. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí àna máa ń retí.

Ó wo Bàbá. Ó wo ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Yéè!"

"Kí lo wí?"

"Ẹ káàbọ̀, sà, ni mo wí."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má tíì dìde, jẹ́ n gbàdúrà fún ọ."

Háà! Bàbá gbàdúrà fún iṣẹ́ báńkì, wọ́n gbàdúrà fún Àbújá, wọ́n gbàdúrà fún gbogbo arìnrìn-àjò ọ̀nà Kàdúná. Bí wọ́n ṣe ń gbà á ni àmín Bámiṣayọ̀ ń le sí i. Bàbá rò pé ìgbàgbọ́ ni.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni Màmá húkọ́. "Èmi ńkọ́? Àbí Bàbá nìkan ló bí Kíkẹ́olúwa ni?"

Ó tún dọ̀bálẹ̀. Màmá náà ní àdúrà tiwọn.

Nígbà tó dìde lẹ́ẹ̀kejì, bùbá funfun ti ya láyà, ẹrẹ̀ sì ti bà á jẹ́. Bàbá fi bàtà gbá ilẹ̀ wò.

"Kí ni gbogbo èyí wá kọ́ ọ?"

"Ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀, sà. Ìwé ò lè sọ ọ́ tán."

"Ó dára. Ọwọ́ rẹ ń ṣiṣẹ́, o sì mọ àgbà á bọ̀wọ̀ fún. Mo fún ọ lọ́mọ mi."

Inú Bámiṣayọ̀ dùn débi pé ìrora fò lọ. Ì bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀!

"Ilé wa ní Utako kéré," ni Bàbá ń bá a lọ. "Ibí la ó ti ṣe ìdána, lórí ilẹ̀ àwọn baba wa yìí. Ìwọ àti gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ lẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí wa, agbolé kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹbí wa sì pọ̀ o."

Láníyì, tó ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn látàárọ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kò jẹ́ kí orúnkún òun kanlẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ṣé àwọn baba wa ò ní ẹní ni?"

Gbogbo wọn yíjú sí onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Bámiṣayọ̀ fọwọ́ pa àyà bùbá rẹ̀.

"Wọ́n ní in, sà," ló wí. "Ìwádìí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn ni."