Orógbó Tí Mo Fún Bàbá Onílé

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, ọjọ́ tí àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò wa ní Mayfair jọ gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì fi èmi ṣe dókítà. Ohun tó sọ mí di dókítà kò ju àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì inú mọ́tò mi lọ. Nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó ń dá mọ́tò dúró lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n ni mo ṣe rà á, mi ò sì ṣí i rí. Báńdéèjì kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀. Mo wá fi róòbù àti orógbó mẹ́ta kún un, kí ó má baà dà bíi pé mi ò ní nǹkan kan.

Bàbá onílé mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, àwọn ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún àwọn onílé. Kò pẹ́ tí Bàbá fi ń mí hẹlẹhẹlẹ wá bá mi.

"Dókítà, kí lo ní fún èémí?"

"Orógbó ni, sà. Ẹ máa rún un lẹ́nu, kẹ́ ẹ máa sáré lọ."

Ohùn ẹni tó kàwé nípa rẹ̀ ni mo fi sọ ọ́.

Bàbá ju orógbó sẹ́nu, wọ́n padà sórí pápá. Bọ́ọ̀lù kan dé, wọ́n sáré sí i, wọ́n sì dúró lójijì. Wọ́n fọwọ́ mú ọ̀fun, wọ́n kúnlẹ̀, ohùn ò jáde. Àwọn èèyàn ní àyà ni. Mo gbé àpótí, mo sáré lọ bá wọn. Mo fi róòbù pa Bàbá láyà, ó kàn wọ́n lójú. Mo já píọ̀ wọ́tà sí wọn lẹ́nu, imú ló gbà jáde. Ojú Bàbá ń dúdú lọ.

Mo mọ ohun tó há wọn lọ́fun. Ẹ̀rù ló dì mí lẹ́nu. Bí mo bá sọ ọ́, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé èmi ni mo pa Bàbá. Ó tì mí lójú láti sọ pé ibi tí màá kó ẹrù mi lọ ni mo ń rò.

Ìyá Bísí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá wo ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ló já àárín èrò kọjá.

"Kí ni wọ́n jẹ?"

Mo tẹjú mọ́ àpótí ọwọ́ mi.

"Mo ní kí ni wọ́n jẹ?"

"Orógbó ni, mà. Èmi ni mo fún wọn."

Kò tiẹ̀ wò mí. Ó tẹ Bàbá síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá wọn láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò jáde. Ó bọ́ sẹ́yìn wọn, ó di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo wọn, ó sì fà á sínú kíkankíkan. Orógbó fò jáde, Bàbá húkọ́. Mi ò tíì gbọ́ ikọ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Bàbá lọ fún àyẹ̀wò, Bàbá pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Bó o bá tún rí i tí mò ń kú," ohùn wọn ṣì há, "jọ̀wọ́, má ràn mí lọ́wọ́. Pe èèyàn."

Mo ti lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọ̀ Ìyá Bísí. Mo ti mọ̀ pé a kì í fi nǹkan sẹ́nu ẹni tí èémí ò délẹ̀ fún, àti pé ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè sọ ọ́. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí ládùúgbò, gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín, Bàbá pàápàá. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo mọ bó ṣe pẹ́ tó kí n tó la ẹnu.