Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Páálí

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ wa lẹ́yìn Bódìjà lánàá, kì í ṣe ti ilẹ̀, kì í ṣe ti ewúrẹ́. Ẹjọ́ ìdọ̀bálẹ̀ ni! Ó pẹ́ tí mo ti ń jókòó sí ààfin yẹn o, irú rẹ̀ ò ṣojú mi rí.

Bàdírátù ló pe ẹjọ́. Àdìó, olórí ikọ̀ panápaná, ló pè. Oyèṣọlá, àfẹ́sọ́nà Àmọ̀kẹ́ ọmọ Bàdírátù, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fajú ro bí ẹni tó jẹ ewúro.

"Kí ẹ̀mí yín gùn, Baálẹ̀." Bàdírátù kúnlẹ̀. "Sátidé tó kọjá ni ẹbí Oyèṣọlá fẹ́ wá mọ̀ wá nílé. Mo wé gèlè tán, mo ní kí n yọjú síta, ọkùnrin mẹ́fà ló nà gbalaja níwájú mi! Aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn wọn. Ta ni ò ní rò pé ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ni? Mo súre, mo fọwọ́ lé Àdìó lórí, mo ní, 'Ẹ dìde, a ti gbà yín.' Àṣé ó ṣojú Oyèṣọlá lẹ́nu géètì! Ó ní mo ti gba ọkọ mìíràn, ló bá kó ẹbí rẹ̀, wọ́n padà sílé. Baálẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn! Kí Àdìó fẹ́ ẹ, tàbí kó wá ọkọ rẹ̀ padà fún un!"

"Àdìó, ṣé o dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́?" Baálẹ̀ bi í.

"Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ìyá yìí. Páálí ni mo dọ̀bálẹ̀ fún."

Ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Páálí wo?"

"Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. A ò mọ ẹni tó ni ín, ó sì ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ẹ mọ bí ayé ṣe dà, Bàbá, láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sílé onílé. Ìjọba kó wa lọ kọ́ọ̀sì, kí á lè mọ bí a ó ṣe dáàbò bo ara wa."

"Kí ni wọ́n kọ́ yín?"

"Ìdọ̀bálẹ̀."

"Kí ló tún kù?"

"Àṣíborí ló kù. Ògúntúndé, ọ̀gá wa, sọ pé SAP, ètò ìfúnlókun tí ìjọba gbé dé, ò tíì jẹ́ kó dé."

"Wọn ò ní kí ẹ jìnnà sí i ni?"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá, ṣùgbọ́n àwọn tó wá wòran ti gba gbogbo ibi tó jìnnà."

"O ò wá fẹ́ Àmọ̀kẹ́?"

"Háà! Ìyàwó méjì ló wà nílé mi. Bọ́ǹbù sàn ju ẹ̀kẹta lọ."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí, Tíṣà Ògúnsànyà, aládùúgbò Bàdírátù.

"Èmi ni mo fóònù panápaná," ló wí. "Mo dúró ti páálí náà gbọn-in títí wọ́n fi dé."

"Irọ́ ńlá!" Bàdírátù pariwo. "Orí igi máńgòrò la ti fi àkàbà gbé ẹ sọ̀kalẹ̀!"

"Láti òkè ni mo ti ń ṣọ́ ọ."

Oyèṣọlá ò lè pa á mọ́ra mọ́, ó fò dìde.

"Èmi ni mo ni páálí! Aago ara ògiri ni, Dùgbẹ̀ ni mo ti rà á fún ìyá yìí. Onítakisí ni mo ní kó gbé e síwájú dè mí. Aago lásán làwọn ojo wọ̀nyí ń sá fún! Mo sì ti búra: bí wọ́n tilẹ̀ dè mí lókùn, n kò ní dọ̀bálẹ̀ fún ìyá yìí mọ́ láé."

Àmọ̀kẹ́ bú sẹ́kún. "Ẹ ń jà, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni ò bi mí. Oyèṣọlá ni mo fẹ́!"

Àánú rẹ̀ ṣe mí, kí n má purọ́.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé páálí wá. Wọ́n gbé e sáàárín wa, okùn ṣì wà lára rẹ̀. Baálẹ̀ wúkọ́.

"Ìdájọ́ mi nìyí. Ẹni bá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọmọ, tí ìyá sì gbà á, ó ti di àna. Ìbáà jẹ́ ìfẹ́, ìbáà jẹ́ ìbẹ̀rù, ilẹ̀ kan náà ni àyà ń kàn. Nítorí náà, Àdìó…"

Gọ̀ọ̀ọ̀! Aago lù nínú páálí.

Yéè! Fìlà fò, àga dojú dé. Tíṣà wá igi tì, ó gun fèrèsé. Kí n tó débi ilẹ̀, Baálẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Oyèṣọlá ni kí ẹ bá mi wò! Òun ló ra aago, òun ló dì í, síbẹ̀ ó nà gbalaja, orí rẹ̀ ń bẹ lẹ́sẹ̀ Bàdírátù.

Ìyá náà ò fi ṣeré rárá. Kíá, ó ti gbọ́wọ́ lé e lórí.

"Dìde, ọkọ Àmọ̀kẹ́, a ti gbà ọ́! Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ jẹ́rìí o!"

"A jẹ́rìí!" Orí ilẹ̀ la ti dáhùn.

"Ṣùgbọ́n aago ló…" Oyèṣọlá bẹ̀rẹ̀.

"Dákẹ́!" Abẹ́ àga ni ohùn Baálẹ̀ ti ń bọ̀. "Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kẹ́yìn ló lọmọ. Àdìó, ìwọ àtàwọn èèyàn rẹ ni ẹ ó ru ẹrù ìyàwó dé ilé ọkọ ní Òkè-Àdó. Ní ti Ògúntúndé, ẹ so aago yìí mọ́ ọn láyà, kó máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ níbẹ̀ títí àṣíborí yóò fi dé."

Àmọ̀kẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Bàdírátù wo Baálẹ̀, ó wo gbogbo ìgbìmọ̀ tó ṣì dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ dìde ńlẹ̀. Ẹ má bínú, ọmọ ti tán lọ́wọ́ mi."