Àlàájà Dá Kásẹ́ẹ̀tì Lóhùn

Lọ́dún 1994, ní yàrá kan ní àdúgbò Al-Sabeel ní Jẹ́dà, Aasiyah ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó sì gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì síwájú. Ọmọ Norway ni, ìyàwó Dókítà Abdulkareem ará Ìwó. Ọdún mẹ́rin tó fi gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ti jẹ́ kí Yorùbá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi lẹ́tà gbà láti Oslo ti dé ìdánwò ìparí: kó ka ìtàn kan sínú kásẹ́ẹ̀tì, kó sì fi ránṣẹ́. Bí kò bá yege, ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ á gba ẹlòmíràn. Òní ló gbẹ̀yìn, ilé ìfìwéránṣẹ́ á sì tì kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Àlàájà Kulthum, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ Hájì ní Mínà dé, jókòó tì í, torí yàrá yìí nìkan ni éésì tó ń mú ilé tutù wà. Ogún ọdún ló fi dáná ilé ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ níbẹ̀ kò sì kéré.

Aasiyah tẹ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ìlà àkọ́kọ́, obìnrin inú ìtàn kí aládùúgbò rẹ̀ ní gúmọ́níìnì.

"Gúmọ́níìnì, ọmọ mi," ni Àlàájà wí. "Ṣé o sùn dáadáa?"

Aasiyah pa ẹ̀rọ. "Màmá, ìwé ni mò ń kà. Ẹ má dáhùn."

"Kí wọ́n kí mi kí n dákẹ́?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n kí."

"Ta ló tún wà nínú yàrá?"

Aasiyah dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àlàájà gbé ìkíni mì bí ẹni gbé oògùn mì. Ṣùgbọ́n ní ìlà karùn-ún, ọmọ aládùúgbò já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́.

"Hà, pẹ̀lẹ́. Ṣé kò ṣẹ́ lápá?"

"Màmá."

"Mo kàn bèèrè ni."

Aasiyah fọwọ́ bojú. Ó ní olùkọ́ òun ti ń ṣàròyé pé Gẹ̀ẹ́sì òun ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí èdè Norway, kò tún sí àyè fún àléébù mìíràn.

"Ohùn tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, kí ló burú ńbẹ̀? Òun ló jẹ́ kí Yorùbá tètè yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu." Àlàájà wo kásẹ́ẹ̀tì náà. "Olùkọ́ yìí, ṣé àgbàlagbà ni?"

"Wọ́n ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún."

"O sì fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn láìkí wọn?"

"Ìdánwò ni, Màmá. A kì í kí èèyàn nínú ìdánwò."

"Abájọ tí àwọn èèyàn fi ń fìdí rẹmi."

Lẹ́ẹ̀kẹta, Àlàájà ki etí híjáàbù rẹ̀ bọ ẹnu. Omi lé sí i lójú nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà dé ọsibítù, ṣùgbọ́n kò fọhùn. Aasiyah kà á dópin láìkọsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti pa ẹ̀rọ. Àlàájà yọ híjáàbù lẹ́nu, ó tẹ̀ síwájú, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀.

"Gúmọ́níìnì, Tíṣà. Èmi ni màmá ọkọ rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ wa. Kì í sùn, ìwé ní í kà. Pílíìsì, ẹ bá wa wò ó dáadáa."

Kò sí àyè láti pa á rẹ́ tàbí láti tún un kà mọ́, ilé ìfìwéránṣẹ́ ti fẹ́ tì. Aasiyah ń sunkún bó ṣe ń lẹ àpòòwé. Ẹ̀rí ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í da Àlàájà láàmú, ó sì ṣèlérí pé òun ò tún ní la ẹnu nídìí rédíò yẹn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì dé. Aasiyah ka ìwé inú rẹ̀, ó dìde, ó tún jókòó: ó yege. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó tì í bọ rédíò. Ohùn obìnrin àgbà kan jáde jẹ́jẹ́, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Gúmọ́níìnì, Màmá."

Àlàájà ti ki híjáàbù bọ ẹnu.

"Màmá, ẹ̀yin ni wọ́n ń kí."

Àlàájà yọ etí híjáàbù díẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ìyàwó rẹ̀:

"Pa á ná. Kí Tíṣà má lọ gbọ́ pé mo tún ń sọ̀rọ̀ nínú ìdánwò."