Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Kámúṣáàfù Bùrọ̀dá Tísà

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí ò lè kúrò lọ́kàn mi láé, kódà bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi. Lọ́jọ́ yẹn, èmi tí mò ń pe ara mi ní Injíníà káàkiri Ìkirè, mo ti ọ̀kadà wọ Àpòmù lójú gbogbo ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ná.

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ṣẹ́ ọ̀kadà títúnṣe lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfú ní Àpòmù kí n tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin la dá, àmọ́ lójú tèmi, ọdún mẹ́rin wà fún àwọn tí orí wọn wúwo. Bí mo ṣe fi ilé ìwé sílẹ̀ náà nìyẹn: ara mi ò gbà kí n jókòó sójú kan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ní ṣọ́ọ̀bù ni tẹ́ẹ̀sì. Tí a bá ti tún máṣíìnì ṣe tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gùn ún síwá sẹ́yìn kí onínǹkan tó dé. Èmi ni. Tí Ọ̀gá bá ní ká wá wo bí òun ṣe ń to ẹńjìnnì, màá ti wà lórí máṣíìnì míì lọ́nà Gbọ̀ngán, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Gígùn ni mo kọ́, ẹ ṣáà ti gbọ́.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bùrọ̀dá Tísà, Ìkirè ló ń gbé, àmọ́ abúlé kan lójú ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀kadà ẹ̀ ló ń gbé e lọ láràárọ̀. Sátidé yẹn, ó ní máṣíìnì ń dún ka-ka-ka lórí, kò sì lágbára mọ́, òun fẹ́ gbé e lọ bá Ọ̀gá Múfú. Ọ̀rọ̀ náà le. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ máa ṣe ìdánwò tí wọ́n máa fi jáde pírámárì, ọwọ́ ẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kó ìwé ìdánwò sí wà. Tí ò bá débẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, àwọn ọmọ yẹn á jókòó, wọn ò ní rí nǹkan kan kọ. Ọkọ̀ kì í wọ abúlé yẹn láàárọ̀ kùtù.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi di Ọ̀gá Múfú nígbà tí èmi wà nílé. Mo ní kámúṣáàfù ló ti jẹ, kó tó jẹun ọ̀sán màá ti parí ẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o ti ṣe é rí?"

Mo ní àìmọye ìgbà. Irọ́ ni. Mo ti rí i rí, mo ti fi epo fọ̀ ọ́ rí, mo tiẹ̀ ti fi ògbólógbòó kan fọ́ ẹ̀kùrọ́ jẹ rí. Kí n yọ ọ́ kí n sì dá a padà, rárá.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, irin kan ni, orí ẹńjìnnì ló wà, ṣéènì ló ń yí i. Bó ṣe ń yí ló ń ṣí àwọn fáàfù, ló ń pa wọ́n dé, kí epo lè wọlé, kí èéfín lè jáde. Tí ara ẹ̀ bá ti jẹ, máṣíìnì á máa mí bí arúgbó tó ń gun òkè. Bùrọ̀dá gbà fún mi. Ẹni tó ta tuntun fún mi ní Ìkirè ní kí n sàmì sí gbogbo ojú ibi tí mo bá tú, kí n sì da ọ́ìlì sí i kí n tó dé e. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Mi ò sàmì sí nǹkan kan. Bí mo ṣe tú jíà orí ẹ̀ báyìí, irin eléyín tó gbé ṣéènì dání, ṣéènì tí mi ò so rá wọ inú ẹńjìnnì lọ. Mo wò ó, ó wò mí. Mo wọlé, mo yọ háńgà kúrò lára aṣọ kọáyà Bùrọ̀dá, mo tọ́ ọ, mo fi í wá ṣéènì bí ẹni ń pẹja nínú kànga. Ó tó wákàtí méjì kó tó gbé e. Ìyàwó Bùrọ̀dá wá rí aṣọ funfun náà lórí àga, àmì ìka mi márààrún lára ẹ̀. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní ọ̀la lọjọ́ Sọ́ńdè.

Mo wá fi tuntun sí i. Jíà ní àmì kékeré kan bí ojú abẹ́rẹ́, ara irin orí ẹńjìnnì ní ilà kan, mágínẹ́ẹ̀tì, irin róbótó tó ń yí nísàlẹ̀, náà ní tiẹ̀. Èwo ló yẹ kó kọjú sí èwo? Mo yí àmì jíà sókè gan-an, torí nǹkan tó bá kọjú sókè ni mo mọ̀ pé ó dáa.

Mo tẹ kíìkì. Kíìkì fò padà, ó gbá mi lójúgun, mo sì rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Bùrọ̀dá yọjú lójú fèrèsé, ó béèrè bó ṣe ń lọ. Mo ní ó ń jí ni, oorun ló wà lójú ẹ̀. Mo sún ṣéènì sí eyín míì, mo tún tẹ̀ ẹ́. Sàlẹ́ńsà yìnbọn gbàù! Adìẹ ilé kejì fo ògiri. Àmọ́ ó jí lóòótọ́. Ó ń wúkọ́, ó ń gbọ̀n, àmọ́ ó jí.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọlọ́gbọ́n ti dúró. Èmi, mo ní mò ń lọ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n gùn ún dé Àpòmù, kí n rọra kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Múfú, kí n fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè mọ̀ pé ọdún méjì tó fún ẹni tó bá lọ́pọlọ. Bí mo ṣe ń lọ lọ́nà, bàbá kan tó di igi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yà mí sílẹ̀. Wọ́n kí mi pé ẹ kú ìrìn. Mo dá wọn lóhùn.

Mo ti kọjá ìdajì ọ̀nà nígbà tí nǹkan kan dún gbàà nínú ẹńjìnnì. Ó kú. Mo tẹ kíìkì, ẹsẹ̀ mi lọ wọ́ọ́, bí ìgbà téèyàn tẹ ẹrẹ̀. Mo jókòó sínú koríko. Ìkirè wà lẹ́yìn, ojú Bùrọ̀dá ló wà níbẹ̀. Àpòmù wà níwájú, ojú Ọ̀gá Múfú ló wà níbẹ̀. Mo rántí àwọn ọmọ yẹn, pẹ́ńsù lọ́wọ́, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo dìde, mo mú ọwọ́ máṣíìnì, mo kọjú sí Àpòmù. Mo ní tó bá jẹ́ pé mo máa tì í dé Ifẹ̀, Mọ́ńdè ò ní bá a ní kíkú.

Àwọn ọlọ́kadà tó mọ̀ mí ò jẹ́ n gbádùn. Ọ̀kan dẹwọ́ eré kó lè bá mi rìn dáadáa, ó ní, "Injíníà, ìwọ lò ń gun máṣíìnì ni, àbí máṣíìnì ló ń mú ẹ najú?"

Mo ti máṣíìnì dé iwájú Ọ̀gá Múfú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ọ́ìlì, wọ́n kọjá lára mi, wọ́n lọ ṣí orí ẹńjìnnì. Wọ́n ní, "Ta ló to eléyìí?"

Ìkirè tóbi, mo lè rí ẹni tí màá tì í sí lọ́rùn, àmọ́ mo ní, "Èmi ni sà."

Wọ́n ní bóòtù jíà ò le dáadáa, ṣéènì ti fò, fáàfù kan sì ti tẹ̀; kí n máa dúpẹ́ pé kò fọ́ písítìn. Wọ́n fi fáàfù míì sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé sípánà lé mi lọ́wọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi parí ẹ̀, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìdánwò.

Wọ́n ní, "Tí mo bá tò ó, ìwọ á gùn ún lọ. Ohun tó sọ ẹ́ dà báyìí nìyẹn. Jókòó."

Ráfíù, tí mo máa ń rán ní omi nígbà tí mo wà níbẹ̀, ni wọ́n ní kó fi àmì hàn mí. Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n." Ẹ̀gbọ́n tó pè mí yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ó ní kí n yí mágínẹ́ẹ̀tì títí lẹ́tà T tó wà lára ẹ̀ á fi kọjú sí ilà tó wà lára ilé ẹ̀. Ìgbà yẹn ni písítìn wà lókè pátápátá. Kámúṣáàfù á wọlé, imú ẹ̀ méjèèjì tó ń ti fáàfù á dorí kodò kí fáàfù má bàa há. Àmì jíà á bá ilà orí ẹńjìnnì ṣe déédéé, ṣéènì ò ní dẹ̀. Ọ́ìlì á kárí, a ó mú bóòtù le díẹ̀díẹ̀, tọ̀tún tòsì.

Mo tò ó, mo na ẹsẹ̀ sí kíìkì. Ọ̀gá gbá ẹsẹ̀ mi kúrò. "Ọwọ́ ni kó o kọ́kọ́ fi yí i, ìyípo méjì gbáko. Ẹńjìnnì tó bá kọ ọwọ́, má fẹsẹ̀ bẹ̀ ẹ́." Mo fi sípánà yí i, ó há. Eyín kan ló fi yẹ̀. Mo tú u. Mo tún un tò, ó tún há, torí mo ti kánjú mú bóòtù le kí ṣéènì tó jókòó. Mo tú u. Ìyà ń jẹ ojúgun mi, ebi ń pa mí, àmọ́ mi ò dìde. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yí lọ láìdí mi lọ́wọ́. Ọ̀gá wá wọn àlàfo fáàfù, wọ́n mi orí pé ó ti dáa. Mo tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀kan, máṣíìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó yó.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, Bùrọ̀dá ní kí n gòkè sẹ́yìn òun, kí n mú sípánà dání. Tó bá kú lọ́nà, èmi ni màá tì í. Láti Ìkirè títí a fi kọjá Àpòmù tá a yà sí ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu, etí mi wà lára ẹńjìnnì. Kò há, kò wúkọ́. Aago méje ààbọ̀ la débẹ̀, Bùrọ̀dá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ sì wọlé.

Ọ̀gá ilé ìwé wọn, obìnrin kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, rí mi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ọ́ìlì lára, sípánà lọ́wọ́. Wọ́n bi Bùrọ̀dá bóyá èmi náà wá ṣe ìdánwò.

Bùrọ̀dá ní, "Rárá mà. Ó ti ṣe tiẹ̀ ní Sátidé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó yege."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ tí mo torí wọn ti máṣíìnì. Mo gba kámú. Ẹni tí ò bá jókòó ti iṣẹ́, iṣẹ́ á mú un jókòó sínú koríko. Ọjọ́ kejì ni mo padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfú, mo bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀; ní báyìí, Ráfíù ló ń rán mi ní omi. Tí mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì lórí báyìí, tí mo rántí bàbá oníkẹ̀kẹ́ tó yà mí sílẹ̀ yẹn, èmi nìkan a máa rẹ́rìn-ín lójú títì bí ẹni tórí ẹ̀ ò pé.