Purofẹ́sọ̀ Adérógbà, Apajíìnì

Ẹ pe Adérógbà ní Bàbá Bámiṣẹ́ nígboro Èrúwà, kò ní dá yín lóhùn. Ẹ pè é ní Dókítà, á fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò yín. Ṣùgbọ́n ẹ pè é ní Purofẹ́sọ̀ Adérógbà, Apajíìnì-bí-ẹni-pa-kòkòrò, ẹ ó rí eyín rẹ̀ títí dé èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá.

Ìwé tí ọkùnrin yìí kà kò ju ìdajì wákàtí lọ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń fi háyà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé e lọ síbi tí ọ̀mọ̀wé kan ti ń sọ̀rọ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmú. Adérógbà jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì gbọ́ pé jíìnì wà nínú ara èèyàn, pé wọ́n máa ń tàn, wọ́n sì máa ń kú bí iná, àti pé bí èyí tó yẹ kó tàn bá kú, tàbí tí èyí tó yẹ kó kú bá tàn, àrùn lè dé. Ibẹ̀ ni iná ti lọ. Ó jáde lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Kó tó padà dé, ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, òótọ́ ni. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn náà ni Adérógbà fi di purofẹ́sọ̀. Kí oṣù náà tó parí, ó ti rán ẹ̀wù funfun méjì, ó sì ti po omi aláwọ̀ ewé kan tó pè ní Omi Apajíìnì.

Mùnírátù, ìyá Aliyyah, ń ta ẹ̀gúsí ní Igbó-Ọrà. Ìbejì ni. Òun ni Kẹ́hìndé. Táyé rẹ̀ ń gbé ní Èrúwà. Lọ́jọ́ tó ń wẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kan kókó líle kan bí hóró ẹ̀pà nínú ọmú òsì, ẹ̀rù bà á débi pé Táyé nìkan ló sọ fún. Táyé ló mú un lọ sọ́dọ̀ Adérógbà.

"Jíìnì ló ń bá yín jà," Adérógbà wí.

Mùnírátù fa ìbòrí rẹ̀ mọ́ra. "Àlùjọ̀nnú?"

"Kì í ṣe àlùjọ̀nnú, ìyá. Àlùjọ̀nnú ń gbọ́ àdúrà. Jíìnì kò gbọ́ nǹkan kan àfi omi mi. Pípa la máa pa á."

"Èwo nínú wọn lẹ máa pa?"

"Gbogbo wọn. Ẹni tó ń pa eku kì í bi í léèrè orúkọ."

Ó wá wo Táyé láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé ìkejì yín rèé? Jíìnì kan náà lẹ jọ ń lò. Kí àwọn náà máa mu ún. Ewúrẹ́ tí a bá lé nílé Kẹ́hìndé, ilé Táyé ló ń sá lọ."

Báyìí ni Táyé, tí orí kò fọ́, tí inú kò run, ṣe gbé ìgò mẹ́ta lọ sílé.

Mùnírátù bèèrè bóyá àrùn yìí máa ń ṣe ọkùnrin. Adérógbà rẹ́rìn-ín. "Níbo ni ọkùnrin ti rí ọmú? Ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ tiyín."

Oṣù mẹ́rin ni Mùnírátù fi mu omi náà. Ẹ̀pà di ẹyin ẹyẹlé. Bó bá ti lọ fẹjọ́ sùn, Adérógbà á mi orí bí ẹni tó ti rí i nínú ìwé. "Ó ń wú nítorí pé ó ti kú. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé òkú máa ń wú ni?"

Aliyyah, ọmọ rẹ̀, tíṣà ni nílùú Tápà. Nígbà tó wálé fún ọlidé, ó rí ọmú ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń pààrọ̀ aṣọ. Kò bá a jiyàn. Ó pe ọlọ́kadà. Kí oòrùn tó mú, àwọn méjèèjì ti wà nínú mọ́tò Ìbàdàn.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì jáde, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Moyọ̀sọ́rẹ fa àga mọ́ Mùnírátù. "Jẹjẹrẹ ni, màámi."

Mùnírátù bi í pé, "Jíìnì tí wọ́n ń sọ ńkọ́? Ṣé irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni jíìnì, ó dà bí ìwé tó ń darí ara. Ẹ ní ìbejì ni yín, ẹ sì jọra bí ìmumu. Ìwé kan náà ni Ọlọ́run kọ sínú ara ẹ̀yin àti Táyé. Ṣùgbọ́n nínú tiyín, ojú ewé kan ti lẹ̀ pọ̀, èyí tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì, àwọn hóró tíntìntín inú ara, pé kí wọ́n má pọ̀ mọ́. Kò ya, kò ṣeé kà mọ́ ni. Òmíràn tó yẹ kó wà ní pípadé sì ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ lòun máa pa, ìwé náà ló fẹ́ jó."

"Kò sí omi tó lè ṣí i?"

"Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún jẹjẹrẹ ọmú. Kì í ṣe inú ìgò aláwọ̀ ewé ló wà. Abẹ́rẹ́ la máa fi bẹ̀rẹ̀ tiyín, kí kókó náà lè sún kì, ká tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ká ní ẹ wá lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni, ibi tí a máa gé ì bá kéré."

Mùnírátù fọwọ́ tọ́ ògiri jáde. Ibi tó ti ń wá ibi tó máa jókòó ni nọ́ọ̀sì ti pe orúkọ: "Adérógbà. Abẹ́rẹ́ kẹta."

Ọkùnrin kan tó fa fìlà bo ojú dìde lórí bẹ́ńṣì. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Ìwádìí ni mo wá ṣe," Adérógbà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kú síbí. Màá fi yín jẹ Ìyálóde Apajíìnì."

Àánú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe Mùnírátù. Ẹlẹ́ran ara ni. Nígbà tó wá ṣírò rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ kẹta túmọ̀ sí pé ọkùnrin yìí ti ń wá síbí ní gbogbo ìgbà tó ń sọ fún òun pé òkú ló ń wú, àánú náà gbẹ.

"Ẹ kú ìwádìí," ló sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni Adérógbà kó ìlú jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Èrúwà, kí wọ́n lè wé láwàní purofẹ́sọ̀ lé e lórí ní gbangba. Ó rò pé Mùnírátù ti gbà láti bo àṣírí òun, ó sì ti lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri: JÍÌNÌ RẸ̀ TI KÚ. Mùíz, alága ìjókòó, fi oríkì yìn ín títí ohùn fi há. "Adérógbà, ọ̀tá jíìnì! Ó wo jíìnì lójú, jíìnì gbàgbé orúkọ baba rẹ̀!" Lẹ́yìn náà ló gbé gbohùngbohùn fún ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́.

Mùnírátù kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì dìde. "Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ìgò mélòó ni Purofẹ́sọ̀ mu nínú omi yìí, kí wọ́n tó dé ibi tí a ti pàdé ní Ìbàdàn?"

Adérógbà fò dìde. "Irọ́ ni. N ò pàdé obìnrin yìí ní Ìbàdàn. Ìkejì rẹ̀ ni mo bá lórí bẹ́ńṣì."

Táyé dìde láàárín èrò. "Èmi? Mi ò fẹsẹ̀ kan Ìbàdàn láti ọdún tó kọjá."

"Bẹ́ńṣì ibo?" bàbá arúgbó kan bèèrè.

"Bẹ́ńṣì àwọn onímọ̀," Adérógbà dáhùn.

"Bẹ́ńṣì àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ọmú ni," Mùnírátù wí. "Ti Purofẹ́sọ̀ ti di ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Èmi ló kàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí ìtìjú nínú àìsàn. Ẹni tó mọ̀nà ilé ìwòsàn, tó ń júwe odò fún ẹlòmíì, òun ló yẹ kó tijú."

Ọwọ́ Adérógbà ti lọ sí àyà rẹ̀ ọ̀tún kó tó mọ̀, gbogbo èèyàn sì rí i. Bàbá arúgbó náà tún bèèrè pé, "Kí ni omi yìí wá ń pa gan-an, jíìnì ni àbí oníjíìnì?" Ẹ̀rín bú. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgò wá síwájú, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, títí kò fi ríbi gbẹ́sẹ̀ sí. Láwàní náà wà lọ́wọ́ Mùíz. Kò mọ ẹni tó yẹ kó gbé e fún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mọ́tò Ìbàdàn kún fún obìnrin. Mẹ́fà nínú wọn ló ní kókó tí wọn ò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Mùnírátù jókòó síwájú pẹ̀lú Aliyyah. Ọkùnrin kan ti há sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ó fa fìlà bojú, ó ń dúró de kí ẹnì kan kí òun ní Purofẹ́sọ̀. Awakọ̀ yẹjú wẹ̀yìn.

"Bàbá Bámiṣẹ́, ẹ sún díẹ̀, ó ku ẹnì kan."

Ó sún.