Àtẹ́lẹwọ́ Abọ́sẹ̀dé àti Gíláàsì Àwòrán Ìyá Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má mi orí sí mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n! Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọkùnrin kan ń pa òwe yìí níbi ìpàdé àdúgbò wa, ó na ọwọ́ ràbàtà sókè, ó tún fi lu àyà, bí ẹni pé ogún bàbá rẹ̀ ni. Inú bí mi dé ibi pé n ò lè jẹun. Òwe obìnrin ni! Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé. Ó kéré lára, ó kéré lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kéré. Akínfẹnwá ni ọkọ rẹ̀, agégẹdú ni, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ní àwòrán ńlá kan lára ògiri pálọ̀, inú férémù onígíláàsì ló wà. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló jókòó nínú rẹ̀, tó gbé ọwọ́ kéékèèké méjèèjì lé orúnkún. Ìyá náà kò ya òmíràn rí títí ó fi kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n Abọ́sẹ̀dé mẹ́ta, ọkùnrin ni gbogbo wọn, ń bá a du àwòrán yìí, kí Ọláníhun tó jẹ́ àgbà wọn tó dá ẹjọ́ náà.

"Abọ́sẹ̀dé, ìwọ lo tọ́jú Ìyá, ọ̀dọ̀ rẹ ni kó máa wà. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jáde nílé rẹ, kò sì gbọdọ̀ bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì, a ó wá gbé Ìyá wa lọ."

Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ ìrántí ìyá wọn bá pé, wọ́n á wá wò ó.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n dé ni aláǹgbá kan gun ògiri pálọ̀. Aláǹgbá lásán o! Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò bu oúnjẹ ẹnikẹ́ni jẹ. Akínfẹnwá bọ́ sálúbàtà, ó sọ ọ́ lù ú. Aláǹgbá bá tirẹ̀ lọ. Gíláàsì àwòrán ló fọ́ yángá.

Abọ́sẹ̀dé figbe ta. "Bàbá Tóyọ̀sí, ẹ ti pa mí! Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ṣé nítorí gíláàsì lo ṣe ń pariwo báyìí? Ṣebí Sùbéérù tó ń gé gíláàsì wà lọ́jà. Jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé férémù, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Ó ní ìbú rẹ̀ jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjì, gígùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Abọ́sẹ̀dé ní kó jẹ́ kí òun fi okùn wọ̀n ọ́n, kí òun mú okùn náà dání lọ. Háà! Ẹ̀ bá wo bí ọkùnrin yìí ṣe gbaná jẹ.

"Okùn kẹ̀? Ogún ọdún ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí wọn pákó, ìwọ wá ń fi okùn lọ̀ mí! Ṣé ewúrẹ́ ni mo fẹ́ so ni?"

Abọ́sẹ̀dé lọ. Ó jíṣẹ́ fún Sùbéérù: àtẹ́lẹwọ́ méjì sí mẹ́ta. Sùbéérù ní kó tẹ́ ọwọ́ lé gíláàsì kí òun gé e. Ó tẹ́ ẹ. Ta ni kò ní tẹ́ ẹ? Ṣé kó lọ yá ọwọ́ ni? Nígbà tó gbé gíláàsì délé, gíláàsì gba inú férémù kọjá, kò kan ibì kankan.

"Irú ọwọ́ wo tiẹ̀ nìyí?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ọwọ́ ọmọ ìkókó!"

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó fọ́ ọ ló ń bú ọwọ́ ẹni tí kò fọ́ ọ.

Akínfẹnwá wá ránṣẹ́ sí Sùbéérù nípasẹ̀ aládùúgbò kan, pé àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin ni kó fi wọ̀n ọ́n, kó lo tirẹ̀. Kò mọ̀ pé gíláàsì ti gé Sùbéérù lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ìyàwó rẹ̀ fi àkísà wé ọwọ́ náà kọjá orí ìka. Sùbéérù sì jẹ́ ẹni tí í jíṣẹ́ bí wọ́n bá ṣe rán an. Ó fi ọwọ́ tòun tàkísà wọ̀n ọ́n. Gíláàsì tó dé ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú tábìlì.

Akínfẹnwá wò ó títí. Ó ní, "Férémù yìí ló kéré."

Ẹ gbà mí o! Férémù tó ti wà kó tó fẹ́yàwó! Ó gbé gíláàsì ńlá ti ògiri, ó mú òòlù, ó ní òun fẹ́ fẹ férémù sí i. Ẹ̀ẹ̀kíní tó gbé e sókè, orí òòlù yọ, ó fò gba gíláàsì fèrèsé jáde. Ẹ̀rù bà á, ó fẹ̀yìn rìn, ó jókòó lé gíláàsì ńlá. Ńṣe ni Abọ́sẹ̀dé ń fi ẹ̀mú yọ àfọ́kù nídìí rẹ̀ títí tí oòrùn fi ń wọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ó ku ọ̀la kí àwọn ẹ̀gbọ́n dé. Akínfẹnwá tún ń na ọwọ́ sí férémù.

"Bàbá Tóyọ̀sí, ẹ jókòó jẹ́ẹ́!"

"N ò lè jókòó."

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́ nígbà náà!"

Abọ́sẹ̀dé fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta ó dín ìka méjì, gígùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ó sáré dé ọjà. Sùbéérù bi í pé, "Àtẹ́lẹwọ́ ta ni tòní?"

"Tèmi! Èmi ni mo wọ̀n ọ́n, èmi náà ni mo gbé ọwọ́ wá."

Gíláàsì náà wọlé sínú férémù wẹ́kú.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹ̀gbọ́n dé. Wọ́n rí pákó lójú fèrèsé. Wọ́n rí àna wọn tó wà lóòró. Wọ́n ní kó jókòó, ó ní ìdúró ń tu òun lára. Ọláníhun bá dìde, ó fọwọ́ ra ojú àwòrán.

"Abọ́sẹ̀dé, tuntun ni gíláàsì yìí."

Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó fọ́. Èmi kọ́ ni mo fọ́ ọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo tún un ṣe."

Ẹ wá gbọ́ nǹkan tó máa bí yín nínú. Akínfẹnwá wúkọ́, ó ní, "Lóòótọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ mi..."

Kò parí rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ti na àtẹ́lẹwọ́ sí i lójú. "Àtẹ́lẹwọ́ yín tàn mí. Ti Sùbéérù tàn mí. Tèmi tí ẹ bú ni kò tàn mí!"

Ọláníhun wo ọwọ́ kékeré yẹn. Ó yíjú sí èyí tó wà lórí orúnkún nínú àwòrán.

"Ọwọ́ Ìyá gan-an nìyí," ló wí. "Ìyá kò lọ síbì kankan."

Nítorí náà, bí ọkùnrin kankan bá tún na ọwọ́ ràbàtà sókè lójú yín tó ń pa òwe yìí, ẹ kọ́kọ́ ní kó jókòó ná. Bó bá lè jókòó, ẹ wá sọ fún un pé obìnrin ọlọ́wọ́ kékeré ló kọ́kọ́ pa á, ọkọ rẹ̀ ló sì pa á fún: àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.